Ajá mi kò jẹ́ kí aládùúgbò sùn ní Lugbe: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ayálégbé Lugbe

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Mo ń gbé ní Lugbe, ní Àbújá, nínú ọgbà kan tí ilé mẹ́rin wà nínú rẹ̀, géètì kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń gbà wọlé. Ní ọdún tó kọjá, olè wọ ọgbà wa lóru, wọ́n kó bátìrì ínfátà ará ilé kejì, wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ tèmi lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ajá. Oṣù méjì péré ni nígbà tí mo rà á, àdàlù Alsatian àti ajá ilẹ̀ wa ni, akọ ni, ó sì ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin báyìí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, alága ọgbà wa kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ẹni mẹ́ta ló ti fẹjọ́ ajá náà sùn, àti pé onílé ní bí ariwo náà kò bá dáwọ́ dúró láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí n gbé ajá kúrò tàbí kí n wá ilé mìíràn. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí ẹni tó kanlẹ̀kùn mi sọ ọ́ fún mi kó tó di ohun tí gbogbo ọgbà ń kà lórí fóònù.

Èmi fúnra mi kì í gbọ́ ariwo tí wọ́n ń sọ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo ń jáde lọ síbi iṣẹ́ mi láàárín ìgboro, ó sì máa ń tó aago méje alẹ́ kí n tó wọlé nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ̀gbẹ́ géètì ni mo so ajá náà mọ́ nítorí olè. Ọ̀kan lára àwọn tó fẹjọ́ sùn jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ìyàwó ẹnì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹnì kẹta kò sọ ìdí tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ó ní òun mọ ohun tí òun máa jù fún ajá náà jẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni oorun ti dá lójú èmi náà. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà, n kò sì fẹ́ fi ajá mi tọrẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó sọ bó ṣe ṣe é fún mi.

Ìyá Kubwa

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má ṣe dá wọn lóhùn lórí WhatsApp yẹn ju gbólóhùn kan lọ: “Mo ti rí i, ẹ má bínú, mo ń bọ̀ wá kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan.” Bí o bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé níbẹ̀, ẹni tí kò bínú tẹ́lẹ̀ yóò bá wọn bínú, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ kì í ní ohùn, ohùn tó bá sì wu ẹni tó ń kà á ni yóò fi kà á.

Lẹ́yìn náà, lọ sí ilé wọn. Má ránṣẹ́, má sì rán ọmọ. Lọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tàbí Sọ́ńdè, nígbà tí nọ́ọ̀sì náà ti sun oorun tirẹ̀ jí, kí o sì kí ìyá ìkókó kú ewu ọmọ kí o tó dárúkọ ajá rárá. Ṣé o ti lọ kí i láti ìgbà tó ti bímọ? Mo ń bi ọ́ nítorí pé ohun tí ẹnu ń pè ní ariwo ajá, nígbà mìíràn, nǹkan mìíràn ló wà nídìí rẹ̀, mo sì fojú ara mi rí i.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Kubwa, ọkọ mi sọ ajá rẹ̀ ní Óńdùnwọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń fi orúkọ ajá pòwe. Àwọn tó ń pòwe mọ́ wà nílé lọ́hùn-ún, wọn kò sí ní Kubwa rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni aládùúgbò wa, iṣẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkókò náà. Ní alaalẹ́ ni ọkọ mi máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí yóò máa ké pé, “Óńdùnwọ́n! Óńdùnwọ́n! Wá jẹun!” Odindi oṣù mẹ́jọ ni ọkùnrin yẹn fi ń fẹjọ́ ariwo ajá sùn, tí àwa náà sì ń na ajá nítorí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ bá ìyàwó rẹ̀ jókòó ni ó tó là á fún mi. A yí orúkọ ajá náà padà sí Bíńgò, ẹjọ́ sì tán, bẹ́ẹ̀ gbígbó tó ń gbó kò dín kù.

N kò sọ pé bí tìrẹ ṣe rí nìyẹn o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o lọ gbọ́ tẹnu wọn. Bí o bá débẹ̀, má ṣe wí àwíjàre, má sì sọ ti olè fún wọn, wọ́n mọ̀. Bi wọ́n ní ìbéèrè kan: “Aago mélòó ló máa ń gbó?” Mú ìwé àti bírò dání, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú wọn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Fún wọn ní nọ́ńbà rẹ, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pè ọ́ nígbàkúgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà Ẹranko, Gwagwalada

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko ni mò ń ṣe, irú ẹjọ́ yìí sì máa ń dé ọ̀dọ̀ mi lọ́pọ̀ ìgbà. Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Kubwa sọ nípa bírò àti ìwé, ìdí tèmi sì nìyí: ẹni tó fẹjọ́ ajá yín sùn ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ẹ ní. Ẹ kò sí nílé, ajá kò sì lè ròyìn. Àwọn aládùúgbò yìí nìkan ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ títí di aago méje alẹ́.

Ajá kì í gbó lásán. Ó lè jẹ́ pé ó rí àlejò tàbí ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ó lè jẹ́ pé kò rí nǹkan kan ṣe láti àárọ̀. Ó lè jẹ́ pé àárò olówó rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti mọ̀ pé bí òun bá ti gbó, ẹnì kan yóò jáde wá. Ìrora náà wà níbẹ̀, bí eégbọn tó kún inú etí, tàbí ara tó ń yún un. Bí ó bá jẹ́ ajá àgbà tí kì í pariwo tẹ́lẹ̀ ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìró wọn kò dọ́gba, ẹni tó bá sì tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa yóò dá wọn mọ̀. Ajá tó rí àlejò a máa gbó kíkankíkan, a dúró díẹ̀, a tún gbó, bí àlejò bá sì ti kọjá, a dákẹ́. Ajá tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ a máa gbó ohùn kan náà léraléra bí ẹni ń lu agogo, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan láìsinmi. Ajá tó ń ṣàárò olówó rẹ̀ a máa hu, a máa ha ilẹ̀kùn, kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ bá ti jáde kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwòsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra wọn, nítorí náà ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ gbé fóònù àtijọ́ kan sójú fèrèsé tó sún mọ́ ajá náà, kí ẹ jẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá jáde títí tí ẹ ó fi dé. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún wa.

Bàbá Lokogoma

Mo gbọ́ gbogbo yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún dókítà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́ pé ajá tí kò gbó kò wúlò fún ẹni tí olè ti jà. Nígbà tí wọ́n wá sí àdúgbò wa ní ọjọ́sí, ajá mi ló jí gbogbo òpópónà, títí kan ilé àwọn tó máa ń bú u. Ẹ má fi ìbẹ̀rù ayálégbé sọ ajá náà di odi. Ìbéèrè tèmi sí dókítà ni pé, ṣé a lè kọ́ ajá kó mọ ìgbà tó yẹ kó gbó àti ìgbà tó yẹ kó dákẹ́?

Alhaja Suleja

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tí a wà lẹ́yìn ògiri. Bàbá tó bí mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Suleja, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ kírun asùbáà ní mọ́ṣáláṣí ojúlé kẹfà sí tiwa. Ilé kan wà lọ́nà ibẹ̀ tí wọ́n ní ajá ńlá. Bí bàbá bá ti dé iwájú géètì náà nínú òkùnkùn, ajá á fò mọ́ irin gbàgà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Lẹ́ẹ̀mejì ni bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú gọ́tà. Bí itọ́ ajá bá sì ta sí i láṣọ láti inú géètì, yóò padà wá pààrọ̀ rẹ̀, àwọn jámáà yóò sì ti kírun tán kó tó dé.

Kì í ṣe pé a kórìíra ajá. Ẹ̀sìn wa gba ajá ọdẹ, ajá darandaran àti ajá oko láyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé nílẹ̀ Hausa níhìn-ín gbọ́dọ̀ rántí pé àwọn ènìyàn máa ń wà lójú ọ̀nà láti nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ àárọ̀, àti pé nínú oṣù Ramadan, ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí sààrì. A lọ bá onílé náà, a kò bá a jà. Ó kan pátákó mọ́ ìsàlẹ̀ géètì rẹ̀, ó sì ń mú ajá náà lọ sẹ́yìnkùlé kí wọ́n tó pe ìrun. Ìyẹn nìkan ti tó. Nígbà tí ọdún iléyá dé, ó ra ọsàn kún àpò kan wá fún bàbá mi.

Ohun kan tún wà tí àwọn alájá kì í rántí. Ẹ̀rù dìgbòlugi ń ba àwọn òbí. Bí ẹ bá ti gbé ajá yín lọ gba abẹ́rẹ́, ẹ fi káàdì rẹ̀ han àwọn aládùúgbò yín, ẹ má kàn tì í sínú dúrọ́ọ̀.

Ayálégbé Lugbe

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti gba ohùn náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì jókòó ní Sátidé, mo tẹ́tí sí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, n kò ní purọ́.

Bí mo bá ti ti géètì, Dúdú á dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. (Dúdú ni mo sọ ọ́, kò pòwe mọ́ ẹnikẹ́ni.) Lẹ́yìn náà ni mẹ́ruwà, ẹni tó ń ta omi kiri, á kọjá pẹ̀lú ọmọlanke rẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí táyà náà ṣe ń dún kíìn-kíìn, Dúdú á sì gbó tẹ̀lé e títí tí yóò fi dé ìkángun òpópónà. Kò pẹ́ tí ìyẹn lọ, ẹni tó ń ṣa irin àlòkù á dé, tí yóò máa lu páànù; lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin tó ń gé èékánná á kọjá, tí wọ́n ń fi sáàsì dún kẹ́kẹ́kẹ́. Títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá, n kò rò pé ó sinmi fún ìdajì wákàtí. Aago mẹ́wàá náà ni nọ́ọ̀sì yẹn máa ń gbìyànjú àtisùn.

Láàárín aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán, àwọn ọmọ iléèwé ń fi igi fa ara géètì wa bí wọ́n ṣe ń kọjá, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí Dúdú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Láti aago mẹ́ta lọ ló bẹ̀rẹ̀ èyí tí dókítà fi wé agogo. Gbó, gbó, gbó, ohùn kan náà, kò sí ẹni tó ń kọjá, kò sí ìró kankan, títí di aago márùn-ún. Ìró ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ni mo sì ń gbọ́ lábẹ́ rẹ̀, tó ń wọ́ lórí kọnkéré síwá sẹ́yìn. Èmi ni mo so ó síbẹ̀. Lóru, aago kọ̀ọ̀kan tí àwọn ọlọ́dẹ bá lu irin ni ó máa ń dá wọn lóhùn, mo sì ti mọ èyí lára débi pé n kì í jí mọ́.

Mo lọ sí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N ó sọ èyí tó kù tí mo bá rí i bó ṣe ń lọ.

Dókítà Ẹranko, Gwagwalada

Ẹ nu ojú yín nù. Ohun tí ẹ gbọ́ yẹn kì í ṣe ìwà búburú ajá, ibi tí a so ó mọ́ ló fà á. Ẹnu géètì ni ibi tí ariwo pọ̀ sí jù nínú ọgbà, òun nìkan ló sì ń ṣọ́ ọ fún wákàtí méjìlá. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tó bá kọjá nǹkan bí 20,000 hertz (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìró ṣe tínrín tó), ṣùgbọ́n ti ajá ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, nítorí náà kíìn-kíìn ọmọlanke yẹn le lójú tirẹ̀ ju bí ẹ ṣe gbọ́ ọ lọ.

Ẹ mú un kúrò lẹ́nu géètì lónìí. Ẹ̀yìnkùlé ni kó máa wà ní ọ̀sán, níbi tí kò ti ní rí ojú ọ̀nà, tí ìbòòji wà, tí omi tútù sì wà nínú abọ́ tó wúwo tí kò lè dà nù. Oòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Àbújá lè pa ajá tí a so sórí kọnkéré. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ so ó, ẹ ta wáyà láti òpó kan sí èkejì, kí ẹ so okùn rẹ̀ kọ́ ọ, kó lè máa rìn síwá sẹ́yìn. Ẹ kan pátákó tàbí páànù mọ́ ìsàlẹ̀ géètì bí Alhaja ti wí, nítorí ohun tí ajá kò bá rí, kì í pẹ́ tó fi í sílẹ̀. Lóru, ẹ jẹ́ kó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín. Bí olè bá wọ ọgbà, yóò gbọ́ ọ láti ibẹ̀.

Kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, ẹ mú un rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, pẹ̀lú okùn lọ́rùn, kí ẹ sì jẹ́ kó gbóòórùn ilẹ̀ dáadáa, nítorí imú ni ajá fi ń ka ìwé ìròyìn tirẹ̀. Ẹ má fi oúnjẹ sínú abọ́ fún un láàárọ̀ mọ́. Ẹ fọ́n ọn sínú koríko kó máa fi imú wá a, tàbí kí ẹ di omi ẹran tí kò ní iyọ̀ àti àlùbọ́sà sínú ike, kí ẹ fi sínú fìrísà di ọjọ́ kejì. Yóò lá a fún wákàtí kan. Eegun adìyẹ tí a ti sè kò dára, ó máa ń fọ́ ṣọ́kọ́ṣọ́kọ́, ó sì lè gún ìfun.

Ní ti ìbéèrè Bàbá Lokogoma, bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe, mo sì gbà pé ajá olùṣọ́ gbọ́dọ̀ fọhùn. Ẹ jẹ́ kó gbó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ yọjú wo ohun tó rí, kí ẹ sọ “Ó tó” ní ohùn jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì di ẹja gbígbẹ díẹ̀ sọ́wọ́ níwájú imú rẹ̀. Kò lè máa gbóòórùn kó tún máa gbó. Bí ó bá ti dákẹ́, ẹ ka ení, èjì, kí ẹ tó fún un. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ka á dé márùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ka á dé ogún. Ẹ má ṣe pariwo mọ́ ọn láti inú yàrá. Ajá tó gbọ́ tí olówó rẹ̀ ń kígbe gbà pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbó.

Ẹ sọ èyí fún àwọn aládùúgbò yín ṣáájú: bí ẹ bá ti jáwọ́ nínú dídá a lóhùn, gbígbó náà lè kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ mélòó kan kó tó rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń padà sẹ́yìn, tí ajá á sì wá mọ̀ pé bí òun bá gbó pẹ́ tó, wọn yóò jáde.

Ẹnì kan yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ó lè dín rírìn kiri àti híhu tí akọ ajá ń hu nígbà tí abo bá ń gùn nítòsí kù, ṣùgbọ́n kò ní kí ó má gbó mọ́ mẹ́ruwà.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí Alhaja sọ ṣe pàtàkì gidigidi. Láti oṣù mẹ́ta ni ọmọ ajá ti lè gba ti dìgbòlugi, a sì ń tún un gbà lọ́dọọdún. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹranko tó wà ní Vom, nítòsí Jos, tó ti wà láti 1924, ń ṣe oògùn àjẹsára náà ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ ìrántí dìgbòlugi lágbàáyé; a máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ibì kan ní ọjọ́ náà, nítorí náà ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ẹranko tó bá sún mọ́ yín.

Ará Jos

Mo rí ìgbànú ọrùn kan tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó máa ń fi iná gbọ́n ajá nígbàkúgbà tó bá gbó. Ṣé ìyẹn kò ní yá ju gbogbo èyí lọ, níwọ̀n bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ti wà?

Dókítà Ẹranko, Gwagwalada

Ẹ má rà á. Ajá náà lè má mọ̀ pé gbígbó ló fa iná. Ohun tó ń wò nígbà tí iná gbọ́n ọn ni ó lè kà sí ọ̀tá. Bí ó bá jẹ́ ọmọ aládùúgbò ló ń wò, ọ̀ràn ariwo lè di ọ̀ràn ìgéjẹ.

Amòfin Garki

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un, nítorí mo rí i pé ẹ̀rù onílé ń ba arábìnrin wa. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo wà, èyí tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ, ń mú lò láti 2009. Fún àwọn ilé gbígbé, ìwọ̀n tí ó fi lélẹ̀ jẹ́ 50 decibel (ohun tí a fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) ní ọ̀sán àti 35 decibel ní òru, òru sì ni láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Ajá ńlá tó gbó nítòsí lè kọjá 90. Nítorí náà, kí ẹ má rò pé àwọn aládùúgbò yín ń ṣe àṣejù. Ní Àbújá níhìn-ín, àjọ AEPB tó ń mójú tó àyíká ni wọ́n lè gbé ẹ̀sùn lọ bá.

Ẹ ka ìwé àdéhùn ilé yín lónìí, kí ẹ wo ohun tó sọ nípa ẹran ọ̀sìn. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí onílé, kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ṣe é, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ohun tí ẹ̀yin méjèèjì lè yanjú, Abuja Multi-Door Courthouse wà fún ìlàjà, kò sì ní kí ẹ di ọ̀tá ara yín. Ìyẹn wù mí ju kí ẹ sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí pé ẹ ó ṣì jọ máa gba géètì kan náà wọlé lẹ́yìn tí ọlọ́pàá bá ti lọ tán.

Ohun tí mo kà sí ewu ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ní òun mọ ohun tí òun máa jù fún un. Òfin Penal Code tí à ń lò ní Àbújá ka fífi májèlé pa ẹran ọ̀sìn ẹlòmíràn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀tapíápíá tí ènìyàn bá sì fi sínú ẹran jù sínú ọgbà, ọmọ tó ń rákò lè rí i kí ajá tó rí i. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ àti ẹnu ẹni tí ẹ ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí Dúdú máa jẹ ohun tó bá rí nílẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kàdúná

Gbólóhùn kan ni tèmi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ajá kejì ni yóò bá a ṣeré tí yóò fi dákẹ́. Èmi ṣe é, méjì ló wá ń gbó.

Ayálégbé Lugbe

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, mo sì jẹ yín ní ìròyìn.

Ní ilé ìyá ìkókó, ọmọ náà sùn sí ọwọ́ mi kí n tó kúrò. N kò mọ̀ pé abẹ ni wọ́n fi gbé e, àti pé yàrá tí ó ń sùn sí wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí ibi tí mo so Dúdú mọ́. Nọ́ọ̀sì náà kò bínú bí mo ṣe rò. Ó mú kàlẹ́ńdà wá, ó sì fi àwọn ọjọ́ tó máa ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nínú oṣù hàn mí, èmi náà sì ya àwòrán rẹ̀.

Ẹnì kẹta ni mo bẹ̀rù jù. Ó jẹ́ kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì fi àpá kan hàn mí lẹ́yìn ojúgun. Ìlọrin ni ajá ti bù ú jẹ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sì tíì gbàgbé àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un. Ní alaalẹ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní láti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wọ̀n Dúdú kó tó dé ilé ara rẹ̀. Ó ní kí n mú káàdì abẹ́rẹ́ wá. Mo sáré mú un wá, ó sì gbé e sábẹ́ gílóòbù, ó fi ìka tọ ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ̀rọ̀ májèlé mọ́, èmi náà kò sì mẹ́nu bà á.

Ẹ̀yìnkùlé ni Dúdú ń wà báyìí. Ọ̀sẹ̀ kejì le gan-an, ó gbó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo tún gbé fóònù sójú fèrèsé. Ó gbó mọ́ mẹ́ruwà nígbà mẹ́ta, ó dákẹ́, mo sì ń gbọ́ ẹyẹ. Ó ṣì ń dá àwọn ọlọ́dẹ lóhùn ní aago méjì òru. Ìyẹn kò tíì tán, ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ “Ó tó” láti inú ilẹ̀kùn, ó ń dùbúlẹ̀. Onílé ní kí n máa bá a lọ, òun yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ìparí oṣù.

Ìyá Kubwa

Inú mi dùn, àbúrò mi. Ta ló ń mú un rìn ní àwọn ọjọ́ tí o bá pẹ́ níbi iṣẹ́?

Ayálégbé Lugbe

Ọmọ nọ́ọ̀sì náà ni, mà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì bẹ̀ mí. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti Ẹtì ló ń mú un yí ẹ̀yìn ọgbà ká kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ti kọ́ Dúdú láti jókòó kó tó ṣí géètì.